Ibi Tí Ìlù Ti Máa Ń Sáré

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ náà, bó bá ṣeé pè ní ẹgbẹ́. Ọkọ mi ń ta gìtá, èmi ń ta béèsì, àbúrò ọkọ mi ń lu dúrọ́ọ̀mù. A ò ní orúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń pè wá sóde. Inú yàrá tí ọkọ mi ti ń tún ampilifáyà àti sípíkà ṣe, nínú ilé tí a háyà ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, la ti máa ń lù ú lọ́sàn-án Sátidé. Orin kan ṣoṣo la ní. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ohùn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n wúwo, wọ́n sì falẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé jẹnẹrétọ̀ wa ló fẹ́ kú.

Bàbá onílé wa tilẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé àwọn sípíkà yẹn ò tíì gbọ́ àtúnṣe ni?" Ọkọ mi ní orin là ń ṣe, sà. Bàbá wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì lọ. Bó ṣe sọ ọ́, èèyàn á rò pé aláìsàn ló wá kí nílé ìwòsàn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ẹ̀rín kì í tètè dé ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀. Orin ìyìn lèmi àti ọkọ mi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, níbi tí orin ti máa ń yára tó fi jẹ́ pé ìka mi á ti bó kí ìsìn tó parí. Lẹ́yìn tí a ṣe ìgbéyàwó, a bí ọmọbìnrin kan. Ó ti lé ní ọmọ ọdún méjì, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ampilifáyà, ó sì máa ń pa á nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń dán an wò, á wá sá lọ. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí a lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun tí wọ́n ti ń dáko kòkó àti obì, ibà mú un. A gbé e dé ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Òkú rẹ̀ la gbé padà sí abúlé.

Nínú ìdílé ọkọ mi, bíi tiwa náà, òbí kì í bá wọn lọ sin ọmọ. Wọn kì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án, òun náà kì í sì í béèrè. Wọ́n mú èmi àti ọkọ mi wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Mọ́ sunkún, ọmọ mi," wọ́n ń wí. "Mọ́ sunkún. Bí o bá sunkún, òmíràn ò níí fẹ́ wá." Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo sì wá fẹ́ sun ún, lẹ́yìn tí a padà sí Òṣogbo, kò wá.

Inú bí mi sí àwọn èèyàn lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó di ẹni tí inú ò bí mọ́ rárá. Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n fi ń fi orúkọ ọmọ náà pè mí, Ìyá Lágbájá, láàárọ̀, lálẹ́. Bí a ṣe padà dé, gbogbo ẹnu yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Mo di Antí. Àwọn tí mò ń rán kọ́tìnì fún sọ mí di Màdámù. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mò ń rán kọ́tìnì, mò ń se oúnjẹ, mò ń jẹ ẹ́ láìmọ̀ bóyá mo fi iyọ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún mi níka lọ́jọ́ kan, ara aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ni ín. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú bí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi rí, àfi pé n kò jókòó lé nǹkan kan.

Ọ̀gá akọrin wa wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n padà sídìí béèsì, ó ní ìyìn máa ń lé ìbànújẹ́ lọ. Mo sọ fún un pé kò sí ìbànújẹ́ kankan lára mi. Òótọ́ ni mo sọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ ọmọ náà, èmi náà ò sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ń dán ampilifáyà oníbàárà kan wò. Ó ti tú okùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi rọ̀ jọ̀lọ̀, ó ta ohùn kan, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa dún lọ títí tó fi tán fúnra rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ẹ̀bà lọ́wọ́ mi. Ohùn yẹn gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi wọlé. Nǹkan kan mì láyà mi, díẹ̀, ó sì tún dákẹ́. Ó jẹ́ nǹkan àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ lára láti ìgbà tí a ti dé. Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo lọ fa béèsì mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nu eruku ara rẹ̀, mo jókòó ti ọkọ mi. A ń ta ohùn mẹ́rin yẹn títí wọ́n fi mú iná lọ.

Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ọkọ mi ní ó ń fẹ́ ìlù, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi yìí ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Iléṣà ló sì ń gbé. Kò tíì níyàwó. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó pẹ́dà ló ti ń lu dúrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó wọlé bí ìyàwó, nítorí náà "ọkọ mi" ni mò ń pè é, mo sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní Antí, ó ń fi ẹ̀yin dá mi lóhùn. Ọkọ mi máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àwa méjèèjì bá fẹ́ kí ara wa, ilẹ̀ á ti ṣú kí a tó dìde.

Apá mẹ́ta ni orin náà ní. Gìtá nìkan ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, béèsì á wá bá a, lẹ́yìn náà ìlù á wọlé: kó lu ìlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wa dúró, kí ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó tún lu òmíràn. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ onílù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé lè lù ú, bó bá lè dúró. Apá kẹta yìí ni nǹkan kan ti máa ń gòkè bọ̀ láyà mi. Á dé ọrùn, á dé ọ̀fun. Mo mọ̀ pé ẹkún ni. Mo mọ̀ pé bí a bá lè dé òpin orin náà jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó sáré, màá sunkún, ohun tí mo sì fẹ́ láyé mi nígbà yẹn kò ju ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò ọkọ mi ti máa ń sáré. Á kọ́kọ́ lù ú bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ìlù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, díẹ̀díẹ̀, gìtá á tẹ̀lé e, èmi náà á tẹ̀lé wọn, nítorí pé àárín ni béèsì wà, kò lè dá dúró sí ibì kankan kí ìlù àti gìtá máa lọ. Orin á wá di ohun tí èèyàn lè jó sí. Ohun tó wà lọ́fun mi á padà sísàlẹ̀. Màá wo ọwọ́ ara mi lórí okùn, màá rí i pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

"O tún ti sáré," ọkọ mi á wí.

"Mi ò sáré, Bọ̀dá."

Ọkọ mi fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fún àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá létí á gbọ́ ibi tó ti sáré. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń fi ọ̀pá ìlù họ orúnkún. "Ó jọ pé mo sáré díẹ̀ lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, bó bá falẹ̀ tó yìí, orin ti kú nìyẹn."

"Kó kú," ọkọ mi ní. "Kó kú, kí ìwọ jókòó tì í."

Mo tẹrí ba, mo ń tún okùn béèsì tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é ṣe.

Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn ní Sátidé dé Sátidé. Ọkọ mi wá agogo kan sórí fóònù, irú èyí tó máa ń ró tán-án, tán-án, kí onílù má baà ṣìnà. Ó fi íápíìsì ki agogo náà bọ àbúrò rẹ̀ létí. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé agogo náà wẹ́rẹ́ títí a fi dé apá kẹta, ló bá fò ó kọjá, ó sì fà á yọ kúrò létí bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí. Ó ní agogo náà ń dá òun lọ́wọ́ kọ́. Ọkọ mi bi í pé agogo ló sáré àbí òun. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná." A jẹun. Ìrẹsì ni mo sè, ó ní ó dùn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan tí iná ò sí ní àdúgbò wa, tí jẹnẹrétọ̀ sì bàjẹ́, àbúrò ọkọ mi ní kí a wá lù ú nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà, pé ọjọ́ Sátidé kò sí ìsìn. A kó gìtá àti béèsì sẹ́yìn mọ́tò, a lọ. Àwọn ìyá mẹ́ta kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn mẹ́rin wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rí orin tiwọn kan tó bá a mu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí i. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orin wa ti di ti ìsọjí. Ọ̀kan nínú wọn di ojú, ó ń mirí, mo sì rí àbúrò ọkọ mi tó tẹjú mọ́ ọn, tó ń yára sí i, tó ń yára sí i, bí ẹni tó ń ti èèyàn gun òkè, títí ìyá náà fi fò sókè, tó ń pariwo. Nígbà tó balẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gan-an. Wọ́n ní kí Olúwa tún orin wa ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo rí ìdí rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, bí ẹnì kan bá di ojú tó ń mirí, ẹ̀mí ló ń bọ̀ yẹn, onílù ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní agbedeméjì. Ńṣe ló máa yára, kí ẹ̀mí lè gùn ún, kó lè ríran. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ àbúrò ọkọ mi pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá ti dé apá kẹta nínú orin wa, ọkọ mi máa ń di ojú, á máa mi orí lọ, mi orí bọ̀. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ á ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àbúrò ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Antí, ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Mo ti ń retí kí Bọ̀dá sọ ìran tí wọ́n rí." Ọkọ mi ní ìran tí òun rí ni pé ẹnì kan ń ba orin òun jẹ́.

A gbé gbogbo dúrọ́ọ̀mù yí padà, a kọ ojú onílù sí ògiri kó má baà rí ẹnikẹ́ni. Ara wa yá gágá lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń kọrin lábẹ́ ètè nígbà tí mò ń so wáyà. Mo sọ lọ́kàn mi pé òní ni. A bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn onílù nìkan là ń rí, àti ọwọ́ rẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. A dé apá kẹta. Ó lu àkọ́kọ́, ó dúró. Ó lu èkejì, ó dúró. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ká jọ, bíi ti ẹni tó ń retí kí wọ́n na òun lẹ́yìn. Ló bá sáré. Ògiri ló kọjú sí, kò rí ẹnikẹ́ni, ó sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ mi pa ampilifáyà. Kò pariwo. "Ọmọ kan wà ní Òkè-Fìà tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró," ó ní. "Màá pè é."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá." Àbúrò rẹ̀ kó ọ̀pá ìlù sínú báàgì tó fi máa ń kó ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi wọ inú ilé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí inú bí èmi náà. Kò sẹ́ni tí ìsáré yẹn ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó èmi. Ṣùgbọ́n mo wá ìbínú lára mi, mi ò rí i. Mo wọ bàtà, mo ní kí n sìn ín dé ibi tí yóò ti wọ mọ́tò Iléṣà.

Oòrùn ṣì mú. À ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo ṣàkíyèsí pé òun tó ń sáré nídìí ìlù, kò yára rìn rárá. Èmi ni mò ń dúró dè é. Nígbà tí a dé abẹ́ igi máńgòrò tí àwọn ọlọ́kadà máa ń jókòó sí, ó dúró.

"Antí," ó ní, "kì í ṣe torí pé Bọ̀dá di ojú."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀."

"Mi ò lè sọ ọ́ fún Bọ̀dá. Kò tiẹ̀ yẹ kí n sọ ọ́ fún yín."

"Ẹ sọ ọ́, ọkọ mi."

Ó ń wo báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e," ó ní.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Mo ti rò pé àwọn àgbàlagbà inú ẹbí ló lọ, àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo rántí pé nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wa, gbogbo èèyàn ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àfi òun, mi ò sì béèrè ibi tó wà.

"Èmi àti bàbá àgbà kan nínú ẹbí," ó ní. "Bàbá ló mú ṣọ́bìrì, èmi gbé e. Wọ́n ti fi aṣọ wé e, ṣùgbọ́n ó rọ̀, Antí, ó dà bí ìgbà tó bá sùn sí mi láyà. Mo fẹ́ rọra máa rìn. Ẹ mọ ọ̀nà oko yẹn, òkúta pọ̀ níbẹ̀, mi ò fẹ́ kó máa mì. Bàbá wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ń sọ pé, 'Yára. A kì í fi irú èyí falẹ̀. Yára, mọ́ wẹ̀yìn.' Ibi tí mo bá ti fẹ́ rọra, wọ́n á tún sọ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ tì mí léjìká. Mo ń yára, ó ń mì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a débẹ̀, ulẹ̀ le."

Ulẹ̀ ló pe ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Olùkọ́ ni, Yorùbá inú ìwé ló sábà máa fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Bí orin yín bá ti falẹ̀ dé ibì kan," ó ní, "ohùn Bàbá ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sáré. Ara mi á kàn ti gbéra ni."

Ọlọ́kadà kan bi wá bóyá à ń lọ. Mo ju ọwọ́ sí i, ó padà lọ jókòó.

Mo fẹ́ bi í léèrè ibi tó wà. Ìbéèrè náà wà lẹ́nu mi. Ṣé abẹ́ igi obì ni, àbí etí odò, àbí ibi tí kòkó parí sí. Mo wò ó lójú, mo rí i pé bí mo bá bi í, ó máa sọ fún mi, á sì gbé ìyẹn náà lọ sí Iléṣà mọ́ èyí tó ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò bi í.

"Ẹ padà wá ní Sátidé," mo ní. "Ẹ má wo Bọ̀dá, ẹ má tẹ̀lé gìtá. Ẹ lù ú bí ẹ ṣe fẹ́ rìn lọ́jọ́ náà."

"Ó máa falẹ̀ jù, Antí."

"Kó falẹ̀."

Mo sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ó ní onílù Òkè-Fìà ti gbà láti wá. Mo ní kó sọ fún un pé kó dúró ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti la ẹnu pàṣẹ nǹkan nínú ilé wa, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó gbà.

Iná wà ní Sátidé náà. Dúrọ́ọ̀mù ṣì kọjú sí ògiri, a ò sì yí i padà. Gìtá bẹ̀rẹ̀, mo wọlé bá a, a dé apá kẹta. Ìlù ńlá dún. Ó dúró. Mò ń retí èkejì, mi ò gbọ́ ọ, mo rò pé ó ti gbàgbé. Nígbà tó dún, ohùn béèsì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára okùn. Ó tún dúró. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ èèyàn. Láàárín ìlù kan sí èkejì, mo lè gbọ́ fíríìsà ilé kejì, mo lè gbọ́ mímí ara mi. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ká jọ, ọrùn rẹ̀ gan. Ó mú ara le, kò sáré.

Ọkọ mi ló sáré. Òun tó ti ń pariwo sùúrù lé wa lórí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ìlù, ó padà, ó tún kọjá. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ó wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó wò mí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá. Kò ta á mọ́. Ó wá ku èmi àti onílù.

Mò ń tẹ̀lé e. Bó bá lù ú, màá ta tèmi. Bó bá dúró, màá dúró. Mi ò ka iye rẹ̀. Ojú ọ̀nà oko yẹn ni mo wà, mo mọ ọ̀nà náà, mo ti tẹ̀lé ìyá ọkọ mi gbà á rí. À ń rìn, a ò sì dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì mí mọ́ yàrá, mo ti máa ń rò pé ẹ̀yìnkùlé ni, ibi tí èèyàn lè lọ kó sì dé kí omi tó hó lórí iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kọjá ibi tí mo mọ̀, à ń lọ. Ó jìnnà. Ọmọkùnrin tí kò tíì bí ọmọ tirẹ̀ ló gbé ọmọ mi rìn ín, tí ẹnì kan ń lé e lẹ́yìn, tó sì padà délé tí kò sẹ́ni tó kí i, nítorí pé a kì í kí èèyàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlù náà dúró. Mo retí òmíràn, kò dún mọ́. Ó gbé ọ̀pá ìlù méjèèjì lé orí itan rẹ̀. Mo mọ̀ pé a ti débẹ̀.

Ẹkún bọ́. Òun ni mo kọ́kọ́ sun ún fún, ọmọkùnrin tó kọ ẹ̀yìn sí wa yẹn, kí n tó sun ún fún ọmọ mi. Mo bọ́ béèsì kúrò lọ́rùn, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Ẹ ṣé, ọkọ mi," mo ní. "Ẹ ṣé tí ẹ gbé e."

Kò yíjú sí mi. Ọkọ mi ti gbọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn wáyà, gìtá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìwọ ni?" ó bi í.

"Èmi ni, Bọ̀dá."